Kérésìmesì àkọ́kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù: ohun tó yẹ kí ọmọ Ifẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀ mọ̀, àti ohun tó yẹ kí ará ilé náà mọ̀

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé báyìí, kò sẹ́ni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún ní Ilé-Ifẹ̀ pé ọdún ti dé. Sípíkà ń pariwo láti Lágere dé Mayfair, àwọn aládìẹ ti to àgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Odò-Ogbè, télọ̀ sì ti ń sá fún oníbàárà tí aṣọ rẹ̀ kò tíì kúrò lórí máṣíìnì. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè ń bó, àwọn ará Èkó ń já bọ̀ sílé níkọ̀ọ̀kan. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ló wà láàrin wa báyìí tí ọmọ wọn kan kò ní sí lára àwọn tó ń bọ̀. Ó ti wà ní ìlú ọba. Ó lè jẹ́ ọmọ OAU tó lọ kàwé gboyè kejì, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ ẹni tó lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Kérésì àkọ́kọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, torí ohun tó ń retí àti ohun tó máa bá níbẹ̀ jìnnà síra wọn.

Ohun tí a máa ń rí nínú fíìmù ni iná aláwọ̀ mèremère, yìnyín tó bo orí òrùlé, àti èrò tó kún ojú pópó. Iná wà lóòótọ́. Èrò náà wà, àmọ́ kí ọjọ́ ọdún tó pé ni. Tó bá di ọjọ́ Kérésì gan-an, ìlú náà á pa lọ́lọ́ bí ọjọ́ tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé.

Ojú èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí rí i. Kérésì àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, mo wọ léèsì, mo wọ kóòtù lé e, mo jáde ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró ní ibùdókọ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú, bọ́ọ̀sì kankan ò kọjá. Mo rò pé bóyá ọ̀kan ti lọ kí n tó dé, mo tún dúró. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló wá bi mí pé kí ni mò ń dúró dè. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kò sí bọ́ọ̀sì lónìí. Kérésìmesì ni." Ìrẹsì ṣọ́ọ̀ṣì ni mo gbójú lé, mi ò ra nǹkan kan sílé. Mo padà, mo bọ́ léèsì, mo se Indomie.

Bó ṣe máa ń rí lọ́dọọdún nìyẹn, kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá, bọ́ọ̀sì kì í rìn ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tube kì í rìn, ọkọ̀ ojú irin orí ilẹ̀ náà kì í rìn. Ní ọjọ́ 24, ọkọ̀ ojú irin máa ń tètè ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ 26, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ tó ń lọ sí ìlú míì kò sì ní tíì bẹ̀rẹ̀, torí àsìkò yẹn ni wọ́n máa ń tún ojú irin ṣe. Takisí tí èèyàn ń fi fóònù pè wà, àmọ́ owó rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún kì í ṣe ti ọjọ́ lásán. Ẹni tí kò bá sì tíì dé ibẹ̀ rí, kó mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò gba owó lọ́wọ́ èèyàn mọ́ láti ọdún 2014. Káàdì tàbí fóònù ni wọ́n fi ń san án. Kò sí kọ̀ńdọ́ tí ẹ máa bẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà ńkọ́? Òfin wà lórí ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ọjà títà lọ́jọ́ Kérésì lọ́dún 2004, ṣọ́ọ̀bù ńlá kankan ní England àti Wales kò gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà lọ́jọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ju 280 mítà níbùú lóròó lọ ni wọ́n kà sí ńlá. Ká fi ilẹ̀ tiwa wọ̀n ọ́n: tí ẹ bá ra pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ní Parakin, ìdajì rẹ̀ àti díẹ̀ sí i nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù kékeré lè ṣí tó bá wù wọ́n, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti àwọn ará Íńdíà, Pakistan tàbí Turkey. Búrẹ́dì àti mílíìkì lẹ máa rí níbẹ̀. Ẹ má retí ẹran ewúrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun gidi lọ́jọ́ ọdún gbọ́dọ̀ ti lọ sí Rye Lane ní Peckham, tàbí Ridley Road ní Dalston, ó kéré tán ní ọjọ́ 22 tàbí 23. Èlùbọ́, ata rodo, pọ̀nmọ́, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀, èrò ibẹ̀ lásìkò yẹn á sì mú kí èèyàn rò pé inú Ọjà Odò-Ogbè lòun wà, àyàfi òtútù.

Kí ló fà á tí ìlú ńlá tó tó bẹ́ẹ̀ fi ń ti ara rẹ̀ pa? Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé ọdún tiwa, ìta la ti ń ṣe é. Abọ́ ìrẹsì á ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. Alhaji tó wà ládùúgbò á gba tirẹ̀, òun náà á sì rántí yín nígbà Iléyá. Ọmọdé á wọ aṣọ tuntun kiri ilé àwọn àgbà láti gba owó ọdún. Ẹni tí kò bá sí nǹkan nílé rẹ̀ kò ní fi ebi sùn lọ́jọ́ náà, kìkì kó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Tàwọn òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe Kérésì, láàrin bàbá, ìyá, ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Wọ́n á jẹ tòlótòló yíyan ní ọ̀sán, wọ́n á dé fìlà bébà tó jáde nínú nǹkan tí wọ́n ń fà já tó ń dún bí báńgà kékeré, ní aago mẹ́ta wọ́n á gbọ́ ọ̀rọ̀ ọba. Ọdún 1932 ni Ọba George Karùn-ún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Kérésì yẹn lórí rédíò. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sùn lórí àga.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kan ilẹ̀kùn yín. Aládùúgbò tó ń kí yín láràárọ̀ kò ní gbé abọ́ wá. Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń mú èyí sínú, wọ́n á ní àwọn èèyàn wọ̀nyí ò fẹ́ràn àwọn. Àwọn kan lára wọn lè má fẹ́ràn yín lóòótọ́, a ò ní purọ́. Àmọ́ ti ọjọ́ Kérésì kọ́ nìyẹn. Aládùúgbò kan náà yẹn kò ní gbé abọ́ lọ sílé òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Lójú wọn, àlejò tí wọn kò pè kò gbọ́dọ̀ yọjú lọ́jọ́ náà, àwọn náà kò sì ní yọjú sí ẹni tí kò pè wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí kàwé á máa bi yín pé kí lẹ máa ṣe lọ́jọ́ Kérésì. Etí Yorùbá á gbọ́ ọ bí ìkíni lásán, bí "ṣé dáadáa lẹ jí?" A ó sì dáhùn bí wọ́n ṣe tọ́ wa: "A dúpẹ́, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa." Ìtìjú ò ní jẹ́ ká sọ pé a ò ní ẹnì kankan. Ṣé ọmọ èèyàn iyì lè máa polówó ìnìkanwà ni? Àmọ́ nígbà míì, ẹni tó bi yín yẹn ń wá ọ̀nà bó ṣe máa pè yín wá jẹun ni. Tí ẹ bá ti ní ẹ ní ètò, ó parí. Kò ní bi yín lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ní tiwọn, ẹ̀gbin ni kí èèyàn máa tẹnu mọ́ irú ẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún un: "Èmi nìkan ni. Èyí ni Kérésì àkọ́kọ́ mi níbí." Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ bá pàdé pẹ̀lú, torí àwọn náà ti gbàgbé. Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀ máa ń rò pé gbogbo ayé ló mọ̀ pé bọ́ọ̀sì kì í rìn.

Níbi iṣẹ́, wọ́n tún lè ní kí ẹ wá fa orúkọ nínú fìlà. Ẹni tí ẹ bá fa orúkọ rẹ̀ lẹ máa ra ẹ̀bùn fún, kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Iye owó tí wọ́n bá dá ni kí ẹ ná. Ẹ má lọ ra aṣọ òkè fún ọ̀gá.

Ọ̀rọ̀ òkùnkùn le ju ti òtútù lọ fún àwọn kan. Lápá ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn kì í yọ ní Lọ́ńdọ̀nù títí aago mẹ́jọ àárọ̀ á fi kọjá, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Wákàtí mẹ́jọ ojúmọmọ, kò pé. Níbí, àní nínú ọyẹ́, à ń rí ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjìlá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru lè lo ọjọ́ mẹ́ta láì rí oòrùn sójú. Àwọn elétò ìlera ìjọba ibẹ̀, ìyẹn NHS, gba aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn pé kó ro ti fítámì D lílò lójoojúmọ́ yípo ọdún, ìwọ̀n 10 máíkírógírámù, torí oòrùn ibẹ̀ kò tó awọ ara wa. Kò wọ́n, kò sì nílò ìwé dókítà. Ní ti yìnyín, ẹ fọkàn balẹ̀: òjò wínníwínní ló sábà máa ń rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Kérésì.

Òtútù náà kì í ṣe ọyẹ́ tá a mọ̀. Ọyẹ́ á mú lówùúrọ̀, tó bá di ọ̀sán, a ti bọ́ súẹ́tà. Tibẹ̀ kì í lọ. Owó iná àti gáàsì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná sì máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, débi pé àwọn kan á pa á, wọ́n á máa wá ọgbọ́n míì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ààrò èédú wọ inú ilé láti fi yáná, ìbáà jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ pé fèrèsé ṣí díẹ̀. Gáàsì olóró tó ń ti ara èédú jáde kò ní òórùn, ojú ò sì lè rí i. Òun náà ló ń ti ara jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀ jáde, tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ wa níbí. Ẹni tí orí bá ń fọ́, tí èébì ń gbé, tí òòyì sì ń kọ́ nínú yàrá tí nǹkan ti ń jó, kó bọ́ síta ní kíá, kó pe 999. Dípò èédú, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta léra, ó sàn ju ẹyọ kan tó nípọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, níbi tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà, ni kí ẹ ti ra kóòtù. Tó bá sì jẹ́ mítà tí wọ́n ń ra káàdì sí ló wà nílé yín, bíi ti IBEDC tiwa níbí, ẹ rà á sílẹ̀ kí ọjọ́ 24 tó dé. Ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á lè ti pa.

Ohun kan wà tó mú kí ọdún àwọn tó ń lọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ ka oyè kejì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, òfin kan náà bá àwọn òṣìṣẹ́ ìtọ́jú. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n tilẹ̀ ti ọ̀nà iṣẹ́ ìtọ́jú náà pa fún ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìta ìlú ọba. Nítorí náà, ẹni tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ tó ń ṣe Kérésì òun nìkan lè jẹ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí àwọn ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Mọ̀ọ̀rẹ̀.

Púpọ̀ nínú wọn á fi iṣẹ́ bo ìnìkanwà mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́jọ́ ọdún, torí àwọn òyìnbó fẹ́ wà nílé. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n máa san, torí òfin ibẹ̀ kò sọ pé owó ọjọ́ ọdún gbọ́dọ̀ ju ti ọjọ́ lásán lọ. Ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn yín ni. Ẹ tún béèrè bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀ láìsí ọkọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn, wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gba ẹni tó ń kàwé gboyè láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ. Ó lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ìsinmi, àmọ́ ọjọ́ tí ilé ìwé rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé ìsinmi bẹ̀rẹ̀ ni kó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣe kíláàsì ìkẹyìn. Físà ti bàjẹ́ mọ́ àwọn kan lọ́wọ́ nítorí ọ̀sẹ̀ kan péré.

Ìnìkanwà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣá. Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ìyà jẹ ẹ́, owó ò sí, inú rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Yorùbá kó lè rówó jẹun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1924, òun lẹni àkọ́kọ́ tó sọ èdè Yorùbá lórí rédíò, a ò sì lè kọjá ibí yìí láìkí i, àwa tí iṣẹ́ rédíò ni oúnjẹ wa. Lọ́dún 1925, òun àti àwọn kan dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, WASU. Nígbà yẹn, onílé tó bá rí aláwọ̀ dúdú á ní yàrá ti tán. Ṣólàńkẹ́ padà wá sí Áfíríkà, ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn láti kó owó jọ, nígbà tó sì di 1933, wọ́n ṣí ilé ẹgbẹ́ náà ní Camden. Ìyàwó rẹ̀, Ọpẹ́olú, ló di ìyá ilé níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ti wá mọ ibi tó máa kọjú sí, níbi tí wọ́n á ti sọ èdè rẹ̀ sí i.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ lónìí, ohun tí wọ́n ń pè é ló yàtọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Rìdíìmù, CAC, Kérúbù àti Sẹ́ráfù, Sẹ̀lẹ́, gbogbo wọn ló wà káàkiri gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn Mùsùlùmí ọmọ Nàìjíríà náà ní mọ́ṣáláṣí tiwọn ní Old Kent Road. Ẹ má dúró de ọjọ́ 25 kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ lọ ní oṣù Kọkànlá, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ojú yín, ẹ béèrè ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò yín. Torí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì míì máa ń ṣe ìsìn Kérésì tiwọn ṣáájú ọjọ́ náà. Ìṣọ́ òru ìparí ọdún ló rọrùn jù: lóru ọjọ́ 31, ó ti di àṣà pé kí ọkọ̀ máa rìn mọ́jú, ọ̀fẹ́ sì ni láti nǹkan bí aago méjìlá òru ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago mẹ́rin ààbọ̀. Àmọ́ ẹ má lọ sí etí odò Thames láti wo báńgà aláràbarà láì ní tíkẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 2014 ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wo iná ọdún lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ní Regent Street àti Oxford Street. Igi ńlá tó wà ní Trafalgar Square, àwọn ará ìlú Oslo ní Norway ló ń fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947, láti fi dúpẹ́ ìrànlọ́wọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn nígbà ogun Hitler. Ẹ ya fọ́tò. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé fọ́tò yẹn ni ará ilé máa rí lórí WhatsApp, tí wọ́n á fi gbà pé owó ti dé.

Ó kan ẹ̀yin ará ilé wàyí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ bàálù, owó ìlera nìkan tó san fún ìjọba ibẹ̀ jẹ́ 776 pọ́n-ùn fún ọdún kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Kejì ọdún 2024. Owó físà ò sí níbẹ̀, owó ilé ìwé ò sí níbẹ̀, owó tí onílé gbà sílẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló yá owó lọ, tí wọ́n ṣì ń san án. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ń dún lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́jọ́ kan ní oṣù Kejìlá, tó sì jẹ́ pé "kí lẹ fi ránṣẹ́ fún ọdún?" ni gbogbo wọn, kò ní pẹ́ tó fi máa pa fóònù náà. Ẹ ó wá ní ó ti gbàgbé ilé. Tí ẹ bá sì gbọ́ ọ lóhùn pé ó ti rẹ̀wẹ̀sì jù, nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ tọ̀sán-tòru láti bá ẹni tó máa fetí sílẹ̀ sọ̀rọ̀: 116 123, ti àwọn Samaritans. Ẹ sọ ọ́ fún un.

Ní ọjọ́ Kérésì, ẹ pè é ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa. Wákàtí kan la fi ṣáájú wọn, aago mẹ́rin ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣú, kò sì ní rí ọkọ̀ kankan gbé e lọ síbì kankan. Ẹ tan fídíò. Ẹ gbé fóònù yípo ilé, kó rí ìkòkò, kó rí àwọn ọmọ nínú aṣọ tuntun, kó gbọ́ ariwo àdúgbò. Ọ̀rọ̀ owó lè dúró di oṣù Kìíní.